Ẹ̀rọ Orin Inú Pálọ̀: Ìtàn Ańpilifáyà ní Ṣómólú àti Bàrígà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Òwe yìí ti pẹ́ ju iná mànàmáná lọ ní ilẹ̀ Yorùbá, síbẹ̀ ó bá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ mu. Ìlù wa ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ní ìtumọ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ dáadáa lè jó sí i, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí àwo orin ti dé, inú àwo, rédíò, kásẹ́ẹ̀tì àti fóònù ni púpọ̀ nínú wa ti ń gbọ́ ìlù ju ẹsẹ̀ àyàn lọ. Láàárín ọwọ́ àyàn àti etí wa, ẹ̀rọ kan wà tí àwọn tí ń kọ ìtàn orin kì í sábà dárúkọ. Ẹ̀rọ náà ni ańpilifáyà, èyí tí ń gba ohùn tín-ín-rín láti ara àwo, tí ó sì ń sọ ọ́ di ohùn tí ó lè kún ilé.

Ìtàn ẹ̀rọ yìí ní Ṣómólú àti Bàrígà ni mo fẹ́ sọ. Mo yan àdúgbò méjèèjì nítorí pé wọn kì í ṣe ibùgbé àwọn ọlọ́lá bí Ìkòyí. Àdúgbò àwọn akọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́, atẹ̀wé, olùkọ́, oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kó owó oṣù púpọ̀ jọ láti fi ra ẹ̀rọ orin kan ṣoṣo, àwọn ènìyàn a máa sọ pé àṣehàn ló ń ṣe. N kò sọ pé kò sí àṣehàn níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdí mìíràn wà tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú èdè tí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, ẹ̀rọ tí ó bá ba ohùn jẹ́ ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Kí ańpilifáyà tó dé

Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin ẹ̀mí ní èdè Yorùbá sínú àwo ní London fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ní àkókò yẹn, a kò tíì máa fi máíkì ṣe àwo. Ẹnu ìwo ńlá kan ni akọrin ń dojú kọ. Agbára ohùn òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń mi abẹ́rẹ́ tí ń gẹ àwo. Ní ilé ẹni tí ó bá ra àwo náà, giramafóònù tí a ń fi ọwọ́ yí ni yóò gbé e jáde, láti inú ìwo bákan náà. Láti ẹnu akọrin títí dé etí olùgbọ́, iná kò gbé ohùn náà sókè níbì kankan. Ọdún 1925 ni àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ńláńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi máíkì àti ańpilifáyà ṣiṣẹ́.

Giramafóònù ọlọ́wọ́ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìró ìsàlẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nínú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ jùjú ìgbà náà pẹ̀lú kéré. Túndé King, tí ó ṣe àwo fún Parlophone ní 1936, kò kó ju ènìyàn díẹ̀ lọ sẹ́yìn: ohun èlò olókùn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú. Bí a bá gbé ìlù ńlá sí àárín wọn, yóò bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni nǹkan yí padà. Ní nǹkan bí 1948 ni gángan wọ inú jùjú. Ní nǹkan bí 1949 ni Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ańpilifáyà gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kíyè sí bí ọdún méjèèjì ti súnmọ́ ara wọn. Nígbà tí iná ti ń gbé ohùn ènìyàn àti gìtá sókè, àwọn onílù lè pọ̀ sí i, wọ́n sì lè lù tagbáratagbára láìbo orin mọ́lẹ̀. Àwọn kan a máa sọ pé ẹ̀rọ òyìnbó ló lé àṣà wa lọ. Nínú ọ̀rọ̀ jùjú, ẹ̀rọ òyìnbó ló ṣí àyè sílẹ̀ fún gángan láti wọlé kí ó sì jókòó.

Àpótí tí kì í gba èsì

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé rédíò wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti London, ni onílé yóò gbọ́. Rédíò ni àwọn Yorùbá sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, orúkọ náà sì bá a mu wẹ́kú. Ẹni tí ó ni àpótí yìí kò lè yan orin, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ní kí wọ́n tún un lù.

Ibi tí àwo orin ti yàtọ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó ra àwo lè gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn kí ó tún gbọ́ ohun tí ìlù wí. Ní àgbo àríyá, ìlù a sọ̀rọ̀ a sì kọjá. Ẹni tí kò gbọ́ ọ ti pàdánù rẹ̀. Nínú pálọ̀, bàbá lè tún un gbọ́ nígbà mẹ́ta, kí ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Ṣé o gbọ́ ohun tí ìlù yẹn sọ?” Àwo ni ó fún wa ní àǹfààní àtúngbọ́. Ańpilifáyà ló sọ àtúngbọ́ náà di àgbọ́yé.

Bí Ṣómólú àti Bàrígà ṣe kún

Bí Èkó ti ń kún lẹ́yìn ogun, àwọn ènìyàn ń ṣí kúrò ní erékùṣù lọ sí orí ilẹ̀. Ṣómólú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìkòròdú, Bàrígà sì nasẹ̀ dé etí ọ̀sà. Ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, kó wá sí Bàrígà ní 1959. Wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀ ní 1962, Akọkà tí ó wà nítòsí ni ó sì fi ṣe ibùdó. Ṣómólú di ibi tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé: kàlẹ́ńdà, ìwé ìkésíni, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé pélébé oríṣiríṣi. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe àjọ̀dún yóò kọ́kọ́ ronú kan atẹ̀wé Ṣómólú, lẹ́yìn náà yóò ronú kan olórin.

Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ni ilé onípalẹ̀ gígùn, tí yàrá kọjú sí yàrá, tí balùwẹ̀ àti ilé ìdáná jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí a ń pè ní orin ẹnì kan. Bí onílé bá tan ẹ̀rọ rẹ̀, ayálégbé mẹ́wàá ló gbọ́ ọ. Obìnrin tí ń lọ ata ní ẹ̀yìnkùlé mọ ìgbà tí àwo yóò kan ibi tí wọ́n ti ń ki ẹgbẹ́ kan tàbí olówó kan. Ọmọ tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ orin rẹ̀ láti orí dé òpin. Ẹ̀rọ ọ̀hún jẹ́ ti ẹnì kan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ jẹ́ ti agbo ilé.

Owó Udoji

Ní ìparí ọdún 1973, owó epo rọ̀bì gbẹ́nu sókè ní ọjà àgbáyé. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ dá àbá owó oṣù tuntun fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1974. Nígbà tí owó náà jáde ní 1975, ajẹsílẹ̀ oṣù púpọ̀ bá a wá lẹ́ẹ̀kan náà. Títí di òní, àwọn tí ó ti dàgbà nígbà náà ń sọ̀rọ̀ nípa “owó Udoji”. Ẹlòmíràn fi ra alùpùpù, ẹlòmíràn ra fíríìjì tàbí tẹlifíṣàn. Ọ̀pọ̀ sì ra sítẹ́ríò.

Ṣáájú ìgbà náà, redio-giráàmù ni ó wà ní ilé àwọn tí ó rí já jẹ: àpótí pákó ńlá kan tí rédíò àti ẹ̀rọ àwo jọ wà nínú rẹ̀. Sítẹ́ríò tuntun yàtọ̀ sí èyí. Ẹ̀rọ tí ń yí àwo dá wà, ańpilifáyà dá wà, sípíkà méjì sì dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan fún apá ọ̀tún, ọ̀kan fún apá òsì. Àwọn ilé ìtajà ńlá bíi Kingsway, UTC àti Leventis wà ní Èkó fún ẹni tí ó fẹ́ ra ojúlówó. Orúkọ àwọn ará Japan, bíi Sansui, Pioneer, Akai, Technics àti Kenwood, di orúkọ tí ọmọ kékeré mọ̀. Inú rúùmù diváídà, láàárín gíláàsì àti àwòrán ìgbéyàwó, ni wọ́n ń gbé e sí, tí wọ́n á fi aṣọ tí a fi òwú hun bò ó.

Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń bá ara wọn díje. Ní 1976, Pioneer gbé SX-1250 jáde, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 160 wáàtì fún apá kọ̀ọ̀kan. Ní 1978, SX-1980 dé pẹ̀lú 270 wáàtì. Ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin irú èyí ti tó ohun ìyangàn ní àdúgbò tí mo ń sọ. Lóòótọ́, wáàtì kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ bí àwọn ènìyàn ti rò ó. Bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, díẹ̀ ni ariwo fi ń lékún. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, wáàtì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Èrè agbára ńlá ni pé ẹ̀rọ náà kì í tètè dé òpin okun rẹ̀ nígbà tí ìlù bá dún lójijì.

Àwo orin fúnra rẹ̀ ti yí padà. Àwo kékeré kì í ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan. Àwo LP gba bí ogún ìṣẹ́jú. Ebenezer Obey àti Sunny Adé lo àyè náà láti so orin pọ̀ mọ́ orin láìdáwọ́dúró, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní òde àríyá. Haruna Ìṣọ̀lá ṣe Oroki Social Club ní 1971 fún ilé-iṣẹ́ Decca, níbi tí ó ti ki ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Òṣogbo. Àwo náà tà púpọ̀púpọ̀. Ẹni tí kò rí ìwé ìkésíni gbà sí àríyá olówó lè jókòó ní Ṣómólú kí ó sì gbọ́ bí wọ́n ti ki olówó náà. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí ó dára fi di ohun tí ènìyàn ń ṣe wàhálà lé lórí.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí náà

Iná tí abẹ́rẹ́ ń mú wá láti ara àwo kò ju ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì kan lọ. Sípíkà kò lè fi ìyẹn ṣe ohunkóhun. Ańpilifáyà ni yóò sọ ọ́ di fóòtì mẹ́wàá, ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìfi tirẹ̀ kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ońṣẹ́ ni. Ońṣẹ́ rere kì í bù lé ọ̀rọ̀.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Bí wọ́n bá gẹ ìró ìsàlẹ̀ sára àwo bí ó ti rí gan-an, ipa rẹ̀ yóò fẹ̀ jù, àyè kò sì ní tó. Nítorí náà, wọ́n ń dín ìró ìsàlẹ̀ kù kí wọ́n tó gẹ àwo, wọ́n sì ń fi kún ìró òkè. Láti 1954, àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ní Amẹ́ríkà ti fẹnu kò sórí òṣùwọ̀n kan náà fún èyí, tí ayé yòókù sì tẹ̀lé e. Ańpilifáyà ni ó gbọ́dọ̀ dá ìró ìsàlẹ̀ padà sí ipò rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ohùn àgídìgbo nínú àwo Haruna Ìṣọ̀lá kò pé lára àwo fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ inú pálọ̀ ni yóò mú un pé. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ gbàrọgùdù, ohun tí a óò gbọ́ kò ní jẹ́ ohun tí Haruna fi lélẹ̀.

Àwọn àgbà tún sọ pé bí ìlù bá dún jù, yíya ní í ya. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ańpilifáyà. Bí a bá ní kí ó ṣe ju agbára rẹ̀ lọ, yóò gé orí àti ìdí ìró náà dànù, ohùn yóò sì há. Ní àkókò yẹn, ariwo wà, ṣùgbọ́n gángan kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ohùn tí ó yẹ kí ó fi hàn wá bóyá ó ń kíni ni, tàbí ó ń ṣépè, yóò pòórá sínú wàhálà ìró. Èyí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀rọ tí ó ń pariwo àti ẹ̀rọ tí ó ń sọ òótọ́.

NEPA àti oníṣẹ́ rédíò

Ẹni tí ó ni irú ẹ̀rọ yìí ní Bàrígà ní ọ̀tá kan: iná. Wọ́n dá NEPA sílẹ̀ ní 1972. Iná tí ó yẹ kí ó wà láàárín fóòtì 220 sí 240 a máa wálẹ̀ di èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní háàfù kọ́rẹ́ǹtì. Ìgbà mìíràn, iná a lọ, a sì tún padà dé pẹ̀lú ìjàǹbá. Bí àwọn ọmọdé ti ń pariwo “Up NEPA!” ní òpópónà, onísítẹ́ríò tí ó gbọ́n kì í tíì sáré tan ẹ̀rọ rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dúró kí iná fìdí múlẹ̀. Ìdí nìyí tí sitabiláísà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan fún un.

Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ mú wàhálà tirẹ̀ wá. Fóòtì 100 ni iná ilé ní Japan, 120 ni ti Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá so irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ iná Èkó láìlo tiransífọ́mà tí ń dín iná kù, èéfín ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ rédíò tí wọ́n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù pákó ni wọ́n ń tún àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe. Wọ́n á ṣí ideri, wọ́n á fi òróró ẹnu iṣẹ́ wọn tu onílé nínú, wọ́n á wá tiransísítọ̀ mìíràn fi dípò èyí tí ó jó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé àlàyé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ojú àti etí ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Bí ìtàn ẹ̀rọ orin ní Èkó kò bá dárúkọ iṣẹ́ wọn, ìtàn náà kò pé, nítorí àwọn ló mú kí ẹ̀rọ náà pẹ́ láyé.

Orin tàbí ariwo?

Kò yẹ kí n purọ́ fún yín pé gbogbo aládùúgbò ló ń yọ̀. Ní ilé tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàárín ìdílé méjì, orin tí ó dùn mọ́ ẹnì kan lè jẹ́ ìyà fún ẹlòmíràn: ẹni tí ń ṣiṣẹ́ alẹ́, abiyamọ, aláìsàn, ọmọ tí ìdánwò rẹ̀ súnmọ́. Nítorí náà ni ìwà ọmọlúàbí fi wọ inú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ nínú ilé, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dákẹ́. Bí àgbà bá ránṣẹ́ pé kí a dín in kù, a kì í bi í ní ìdí. Nígbà tó yá, òfin náà dá sí i: ní 2009, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde lórí ariwo, tí ó fi ìwọ̀n sí ariwo ọ̀sán àti ti òru ní àdúgbò tí ènìyàn ń gbé. Ṣùgbọ́n ohun tí ìlànà ń wọ̀n ni bí ohùn ti ga tó. Kò lè wọn bóyá ohùn náà mọ́ tàbí kò mọ́. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ dára kì í sábà nílò láti gbé e sókè jù, nítorí ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ó fẹ́ gbọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́.

Ìgbà tí nǹkan yí padà

Ní 1982, ìjọba Ṣàgàrí fi òfin dí ọ̀pọ̀ ọjà òkèèrè lọ́nà. Ní 1985, Náírà kan ṣì ju Dọ́là kan lọ díẹ̀. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé dé ní 1986, Náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ańpilifáyà tí akọ̀wé lè rà pẹ̀lú ìpamọ́ oṣù mélòó kan di ohun tí a ń wò lẹ́yìn gíláàsì. Kásẹ́ẹ̀tì tí Philips gbé jáde ní 1963 ti gba àyè àwo. Ó rọrùn láti rà, ó sì rọrùn fún olè láti dà kọ. Fuji gbilẹ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì. Kí àwọn ọdún 1990 tó parí, àwo tuntun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde mọ́ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn 2001, fóònù alágbèéká tàn ká ilé gbogbo, orin sì wọ inú àpò.

Mi ò bínú sí fóònù. Àwọn ọmọ àdúgbò yìí fi ayé tuntun náà ṣe ohun ńlá. 9ice, tí ó dàgbà ní agbègbè Ṣómólú àti Bàrígà, gbé Gongo Aso jáde ní 2008, òwe Yorùbá ló sì fi kún ẹnu rẹ̀. Olamide, tí wọ́n bí ní Bàrígà ní 1989, mú ráàpù sọ Yorùbá ìgboro láìtijú. Crown Troupe of Africa tí Ṣẹ́gun Adéfilà dá sílẹ̀ ní 1996 ń fi ijó àti ìlù ṣe eré ní Bàrígà kan náà. Àdúgbò tí etí rẹ̀ ti mọ́ra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú orin kò ní ṣàìbí ọlọ́rọ̀.

Ṣùgbọ́n sípíkà tí kò ju èékánná lọ kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ ìlù jáde. Ohun tí a fi sí etí lè gbé e jáde, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ọ. Bàbá kò lè bi ọmọ mọ́ pé, “Ṣé o gbọ́ ohun tí ìlù yẹn sọ?” nítorí ohun tí ó wà ní etí ọmọ kò sí ní etí bàbá.

Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe

Ọ̀pọ̀ àwo LP ṣì wà lábẹ́ ibùsùn ní àwọn ilé àtijọ́, tí omi òjò àti eku ń bá wí. Ańpilifáyà tí owó Udoji rà ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ra irin àlòkù lọ ní ìwọ̀n kílò. Ilé-iṣẹ́ bíi Evergreen Musical Company ti Fẹ́mi Èṣhó ti ṣe gudugudu méje láti kó orin àtijọ́ jọ, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àkójọ orin nìkan kò tó. Ẹni tí ó mọ ohun tí gángan ń sọ nínú àwo ọdún 1972 ti di arúgbó báyìí. Bí òun bá lọ, orin yóò ṣì wà, ṣùgbọ́n apá kan ìtumọ̀ rẹ̀ yóò ti bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá tàbí màmá tí ó ṣì ń gbọ́ràn, ẹ gbé ẹ̀rọ ọ̀hún lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ rédíò kí ó tó di irin àlòkù. Ẹ nu eruku orí àwo. Ẹ jẹ́ kí àgbà jókòó sí ibi tí sípíkà méjèèjì ti kọjú sí i, kí ẹ sì mú ìwé àti gègé dání. Bí ìlù bá sọ̀rọ̀, ẹ béèrè ohun tí ó sọ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ àwo àti ọdún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán Sátidé kan ni. Ọlọ́gbọ́n ti jó o tipẹ́. Ó ku kí ọ̀mọ̀ràn mọ̀ ọ́n.